Tíṣà Tó Ń Jó Wáyà Láìsí Iná

Tí mo bá ti gbóòórùn gáàsì láítà, obìnrin kan tó ń kọ́ni ní físíìsì ni mo máa ń rántí. A jọ gbé ilé kan náà n'Iléṣà ní nǹkan bí ọdún 1994. Ó ní irin kan tó fi ń jó wáyà mọ́ra. Gáàsì láítà ni irin náà ń lò, kò sí wáyà nídìí rẹ̀, nítorí náà bí wọ́n bá mú iná lọ, iṣẹ́ tirẹ̀ ń lọ. Tó bá jó wáyà rédíò ẹnì kan tán, tónítọ̀hún na ọwọ́ láti gbà á, á ní, "Ẹ jẹ́ ó tutù ná."

Lọ́dún náà, ẹ̀rọ tí bàbá onílé wa ń kì sí etí láti fi gbọ́ràn bàjẹ́. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ fi ń sọ̀rọ̀ títa ilé náà lójú rẹ̀, bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tíṣà tú ẹ̀rọ náà lójú mi, ó rí wáyà tó já, ó jó o pọ̀, ó sì fi í sí bàbá létí.

"Bàbá, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́ ọ ketekete. Jọ̀ọ́, má sọ fún àwọn ọmọ mi."

Kò sọ. Èmi náà kò sọ. Nígbà tí àwọn ọmọ dé láti Òṣogbo, àkọ́bí ní òun ti rí ẹni tó máa ra ilé. Bàbá jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Tó o bá tà á, níbo lo máa kó mi sí?"

Àkọ́bí wo ẹ̀rọ tó wà létí bàbá. Tíṣà, tó ń ṣa ìrẹsì lọ́dẹ̀dẹ̀, rọra gbé àtẹ rẹ̀ wọlé. Ilé náà kò di títà títí mo fi kó kúrò níbẹ̀.