Áyọ́ọ̀nù Eléèédú Tí Ìyàwó Mi Yá

Ìyàwó mi ni ó máa ń wá ẹrù fún eré wa. Ẹrù tí mo ń wí ni àwọn nǹkan àtijọ́ tí à ń gbé sórí ìtàgé kí àwọn òǹwòran lè gbà pé ayé àwọn bàbá wa ni wọ́n ń wò: rédíò onípákó, ife táńgánràn, àpótí onírin. Èmi ni mo ń kọ eré, èmi ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ìjọ bí wọn yóò ṣe ṣe é. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ìdànrè yìí, a kò sì ra ohunkóhun rí. Àwọn tó ń ta nǹkan àtijọ́ wà ní Àkúrẹ́, ṣùgbọ́n àwọn olówó tó fẹ́ fi ṣe pálọ̀ wọn lọ́ṣọ̀ọ́ ni wọ́n ń dúró dè.

“Kí lẹ fẹ́ lọ rà?” ni ìyàwó mi máa ń wí. “Gbogbo rẹ̀ ló wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn ìyá arúgbó.”

Ọ̀nà tirẹ̀ rọrùn. Bí ó bá yá nǹkan, yóò ya aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan, yóò gé e sí méjì. Yóò so ìdajì mọ́ ẹrù náà, yóò sì fún ẹni tó ni ín ní ìdajì kejì. Lọ́jọ́ tó bá dá a padà, yóò gba ìdajì yẹn, yóò ta méjèèjì pọ̀ ní kókó, yóò sọ ọ́ sínú agolo bísíkíìtì kan. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Mo ní kí ó kọ orúkọ wọn sínú ìwé.

“Tíṣà,” ló ní, “ìyá tí mo yá àtùpà lọ́wọ́ rẹ̀ kò mọ̀wé. Aṣọ yìí, àwa méjèèjì la lè kà á.”

Ó ti lé lọ́dún kan báyìí tó kú. N kò ní kọ púpọ̀ nípa ìyẹn.

Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ní kí a ṣe eré tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ kí àìsàn tó dé, eré nípa alágbàfọ̀ kan, mo gbà, nítorí ilé ti dákẹ́ jù. Ilé bàbá kan tó ti ra kòkó rí ni mo kọ́kọ́ lọ, torí rédíò rẹ̀. Ó fún mi lómi, ó sì ń wo ilẹ̀.

“Tíṣà, ẹ má bínú o. Rédíò nìyẹn. Àmọ́ mo gbọ́ pé ẹrù ẹnì kan ṣì wà nílé yín láti ìgbà ayé ìyàwó yín.”

“Ẹrù ta ni?”

“N kò mọ̀. Wọ́n kàn ń sọ ọ́ ni. Ẹ yanjú ìyẹn ná, kí ẹ padà wá.”

Rédíò kọ́ ló dùn mí. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ lójú ayé rẹ̀ pé ìyàwó mi gbé ẹrù òun mì. Pé kí ó wà nínú ilẹ̀, kí irú ọ̀rọ̀ yẹn máa rìn káàkiri ìlú, n kò lè gbà á.

Mo ṣí yàrá ẹrù tí n kò tíì wọ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú. Lẹ́yìn àpótí kan ni mo ti rí áyọ́ọ̀nù eléèédú, tí àkùkọ onírin kékeré jókòó sórí ìdè ìdérí rẹ̀. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan, aláwọ̀ ewé tó ní àmì róbótó-róbótó, wà lára ọwọ́ rẹ̀. Mo da agolo bísíkíìtì sórí bẹ́ẹ̀dì, mo yẹ gbogbo kókó inú rẹ̀ wò. Ìdajì kejì kò sí níbẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ.

Mo gbé áyọ́ọ̀nù náà sínú báàgì, mo ń kiri ilé àwọn tó máa ń yá wa lẹ́rù. Kò sẹ́ni tó ni ín.

“Tíṣà ti di alágbàfọ̀!” ni ìyá kan pariwo. “Ẹ bá mi lọ ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ mi kí ẹ tó máa lọ!”

Ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń rán aṣọ fún ìyàwó mi ni mo parí sí. Ó yí aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ náà padà lẹ́ẹ̀kan péré.

“Èmi ni mo rán èyí. Búláòsì tí Mọ́mì wọ̀ lọ sí ìkórè ìjọ ní Atosin ni. Mo kó àjákù rẹ̀ fún wọn, wọ́n sì kó o sínú báàgì wọn lọ síbẹ̀. Ẹ kò dá a mọ̀ ni, Dádì?”

N kò dá a mọ̀. Mo rántí pé mo ní ó dára lára rẹ̀. N kò tilẹ̀ gbójú wò ó kí n tó sọ bẹ́ẹ̀.

Ní Atosin, mo fi áyọ́ọ̀nù náà han àwọn ará ibẹ̀, wọ́n sì nawọ́ sí ilé opó alágbàfọ̀ kan lójú ẹsẹ̀. Ìyá arúgbó ni, ó ń sá kòkó sórí tapólì níwájú ilé. Èdè Ìdànrè pọ́ńbélé ló ń sọ. Mo kọ ọ́ síhìn-ín bí gbogbo wa ṣe lè gbọ́ ọ. Mo dọ̀bálẹ̀.

“Mama, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì wá.”

“Kí lo ṣe?”

“Áyọ́ọ̀nù yín ni. Ìyàwó mi kò dá a padà.”

“Ta ló ní kó dá a padà? Ṣé ẹ ti ṣe eré náà ni?”

“Eré wo, Mama?”

“Eré alágbàfọ̀ tí ò ń kọ! Ibi tó o wà yẹn ló jókòó sí. Ó ní ọkọ òun kò tíì kọ ọ́ dé ìdajì, àmọ́ òun fẹ́ tètè mú áyọ́ọ̀nù pamọ́ kí àwọn ará Èkó tó wá rà á. Mo ní kó gbé e lọ, kó má sì dá a padà àfi tí mo bá wo eré náà. Iṣẹ́ àgbàfọ̀ ni ọkọ mi ṣe kú. Ta ló ti fi alágbàfọ̀ ṣeré rí?”

Mo sọ ohun tí wọ́n ń sọ kiri fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.

“Àbúrò mi ni! Ó bi mí pé áyọ́ọ̀nù dà, mo ní ó wà nílé Tíṣà, ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́jà. Èmi kò wá bèèrè nǹkan kan. Ta ló ń lọ gba ẹrù nílé ọ̀fọ̀?”

Ó fi ìdajì aṣọ tirẹ̀ hàn mí lára ìṣó tí wọ́n máa ń fi áyọ́ọ̀nù kọ́, ṣùgbọ́n kò fún mi. Ó ní ó di ìgbà tí òun bá wo eré tán. Mo mu omi tó bù fún mi, mo tún tọrọ òmíràn. Kò sí ohun tó ń wúwo lára mi mọ́.

Nígbà tí mo ròyìn fún bàbá onírédíò, òun fúnra rẹ̀ ló gbé rédíò wá. Mo ya ṣẹ́ẹ̀tì mi àtijọ́ kan, mo gé e sí méjì, mo fún un ní tirẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ eré, iwájú pátápátá ni Mama jókòó sí. Alágbàfọ̀ wa kò tíì lọ aṣọ kan tán tí Mama fi pariwo:

“Má kọ ẹnu áyọ́ọ̀nù sí aṣọ! Eérú á fò sí i lára! Yí i padà!”

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Alágbàfọ̀ yí áyọ́ọ̀nù padà, ó ní, “Ẹ ṣé, Mama,” ó sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé áyọ́ọ̀nù lọ sí Atosin. Mama tú aṣọ lára ìṣó, ó fi lé mi lọ́wọ́, èmi náà tú ìdajì tó wà lára áyọ́ọ̀nù. Nígbà tí mo délé, mo ta méjèèjì pọ̀. Kókó tèmi kò fún bíi ti ìyàwó mi, mo tú u, mo tún un ta. Mo sọ ọ́ sínú agolo, mo sì dé e.