Mùtàlíbù Kò Fi Bébà Dípò Fíúsì

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni Mùtàlíbù.

Rìwáyà ni, oníṣẹ́ iná mọ́tò, ní Old Garage, Òṣogbo. Ìwàràjà ló ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ Ìjẹ̀ṣà kan tó ń jẹ́ Ògúnjìnmí. Iná mọ́tò ti jó apá òsì ọ̀gá náà dé ìgúnpá. Ọjọ́ tí Mùtàlíbù gba fíríìdọ̀mù, ọ̀rọ̀ kan péré ni ọ̀gá sọ fún un: "Fíúsì ni kó kú, kí èèyàn má baà kú." Mùtàlíbù wo apá yẹn. Kò béèrè ìtàn.

Ọjọ́ kẹta ààwẹ̀ ọdún yìí, wọ́n gbé bọ́ọ̀sì ajísààrì wá bá a. Lásípíkà méjì ló wà lórí ẹ̀, òun ló ń yí àdúgbò ká lóru láti jí èèyàn sí sààrì. Òru méjì léraléra ló ti dákẹ́ lójú ọ̀nà. Èèyàn sùn kọjá. Mùtàlíbù pàápàá sùn kọjá. Omi lásán kò kan ètè ẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Nùrẹ́nì ló ń wa bọ́ọ̀sì náà. "Bàbá, fíúsì ló ń dà wá láàmú, ó ń jó ṣáá. Mo ti fi bébà inú páálí sìgá dí ojú ẹ̀. Ẹ kàn bá wa so wáyà yẹn kó le."

Mùtàlíbù ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ti lọ́ wáyà tín-ín-rín kan tó lọ sí lásípíkà mọ́ wáyà iná iwájú. Bébà sìgá ń dán lójú fíúsì. Ó yọ ọ́, ó jù ú sí gọ́tà. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì, ó fi sápò.

"Kò lọ síbì kankan mọ́."

"Háà! Bàbá ti di ọlọ́pàá."

"Wọ́n lè bẹ ọlọ́pàá kó gbọ́. Wò mí dáadáa."

Nùrẹ́nì sáré lọ pe Alfa Jibril, olórí àwọn ajísààrì. Alfa dé tìbínú-tìbínú.

"Bàbá Mùtàlíbù, iṣẹ́ Ọlọ́run lẹ dá dúró yìí. Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ wá."

"N ò ní mú un wá."

"Ọlọ́run á ṣọ́ wa!"

"Àmín. Ẹ̀yin náà ń ti ilẹ̀kùn kẹ́ ẹ tó sùn."

Àwọn tó dúró bú sẹ́rìn-ín. Alfa ò rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Ẹni tó dá wa dúró ò ní bá wa ṣínu ní mọ́ṣáláṣí lónìí."

"Mo gbọ́. Èèyàn mẹ́fà ló ń wọ bọ́ọ̀sì yìí lóru, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ẹ̀ kì í ṣí látinú. Ẹ lọ jókòó."

Ó kọ́kọ́ tú orí bátìrì tó so mọ́ ara mọ́tò, kí iná má baà ta. Ó tọ wáyà tín-ín-rín náà lọ láti iwájú. Nídìí ilẹ̀kùn, irin ti jẹ ẹ̀wù wáyà, bàbà inú ẹ̀ ń kan ara mọ́tò.

"Nùrẹ́nì, wá wò ó. Èyí ni fíúsì ń pariwo fún ọ. Ìwọ wá fi bébà dí i lẹ́nu."



Mùtàlíbù gé gbogbo ẹ̀ dànù. Ó fa wáyà mìíràn tó nípọn láti orí bátìrì gan-an, kò bá iná iwájú pín nǹkan kan. Ó fi fíúsì tuntun sí i, kò jìnnà sí bátìrì ju ìbú ọwọ́ lọ: ibi yòówù kí wáyà bó sí níwájú, fíúsì á ti kú kí iná tó sọ. Bí wáyà ṣe nípọn tó ló wò kó tó mú fíúsì, kì í ṣe bí wọ́n ṣe fẹ́ kí ariwo pọ̀ tó. Gbogbo ihò irin tí wáyà gbà kọjá, ó fi rọ́bà sí i.

Oòrùn mú. Nùrẹ́nì ní, "Bàbá, ẹ sinmi díẹ̀."

"Ìwọ tó o jẹ sààrì ni kó o sinmi."

Àwọn èèyàn ti ń lọ sí mọ́ṣáláṣí nígbà tó dá orí bátìrì padà. Ó tan lásípíkà. Ohùn jáde ketekete. Ó mi wáyà, ó gbá ilẹ̀kùn pa lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Fíúsì dúró. Ó ju kọ́kọ́rọ́ sí Nùrẹ́nì.

Alfa Jibril rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá, ìbínú ni. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ ṣínu."

"Ẹ ti lé mi, mo ti lọ. Bí mo bá tún rí bébà níbẹ̀, mà á tún gba kọ́kọ́rọ́."

Àpìkẹ́ ìyàwó ẹ̀ ló gbé oúnjẹ wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí wọ́n pe ìrun, ó jókòó sórí àpótí irinṣẹ́, ó mu omi, ó jẹ ẹ̀kọ mẹ́rin àti àkàrà méje, ó sì ní kí Àpìkẹ́ lọ ra àkàrà sí i.