Ẹni Tó Fi Àlùmọ́gàjí Ya Ọmọ Ajá Kúrò Lára Ọmọ Bàrà

Olùkọ́ èdè Lárúbáwá ni ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Onígbòǹgbò. Kò sí ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tí ẹ bi í tí kì í kọ́kọ́ wá gbòǹgbò rẹ̀ kàn, ìyẹn lẹ́tà mélòó kan tí ọ̀rọ̀ náà ti hù jáde. Ìwé tó ń kọ dá lórí ọ̀rọ̀ àtijọ́ tí ewéko àti ẹranko jọ ń jẹ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ọmọ ajá náà ni wọ́n fi ń pe bàrà tí kò tíì gbó; èyí tí ó jẹ́ ọmọ ẹyẹ náà ló tún jẹ́ èéhù ọ̀gbìn. Káàdì kọ̀ọ̀kan ló kọ wọ́n sí: gbòǹgbò àti ẹranko lókè, ewéko nísàlẹ̀.

Ilé ìtẹ̀wé ti kìlọ̀ pé bí ilẹ̀ bá ṣú kí káàdì tó dé, ìwé ẹlòmíràn ni àwọn máa tẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin bá a tún yàrá ṣe. Ilé ìtajà irúgbìn àti oúnjẹ ẹran ọ̀sìn ni obìnrin yìí ń bójú tó, kì í sì í jẹ́ kí ọ̀kan fara kan èkejì. Ó rí ajá àti bàrà lórí káàdì kan, ó ní wúruwùru gbáà nìyí. Ó mú àlùmọ́gàjí, ó gé gbogbo káàdì sí méjì, ó kó ẹranko sí àpò kan, ó kó ewéko sí òmíràn.

Ìdajì ẹranko ló gbé gbòǹgbò lọ. Ìdajì ewéko kò mọ ẹni tó bí i mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló ní kí ẹ gé e?"

"Ṣé ó dìgbà tí wọ́n bá rán mi? O da ajá sóko bàrà, o tún ń bi mí."

"Ẹbí ni wọ́n, ẹ̀gbọ́n."

"Ajá àti bàrà? Èwo ló fẹ́ èwo níbẹ̀?"

Ẹni tó pọ̀n ọ́n dàgbà ni ẹ̀gbọ́n yìí. Bàbá Onígbòǹgbò jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó tẹjú mọ́ ògiri, ó wọlé padà. Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ, ti ki orí bọ inú aṣọ tó ń rán, ó ń rẹ́rìn-ín.

Wọ́n tẹ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọkọ ń ṣa ìdajì pọ̀ mọ́ ìdajì, ìyàwó ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ẹ̀gbọ́n ń bá wọn jiyàn lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní àwọn Lárúbáwá àtijọ́ kò ní ètò rárá, pé bí wọ́n bá ní alábòójútó, irú èyí kò ní ṣẹlẹ̀. Nígbà tí oòrùn rẹlẹ̀, púpọ̀ ṣì wà nílẹ̀. Bàbá Onígbòǹgbò, ẹni tí kì í jẹ́ kí àmì orí lẹ́tà kan ṣoṣo ṣìnà, kó ìwọ̀nba tó ti lẹ̀ sínú àpótí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé e, ó ní òun kò lè jẹ́ kó dá lọ.

Akọ̀wé ilé ìtẹ̀wé gbà á, ó ṣí i wò. Ó ní ìwé náà ṣe tínrín ju bí wọ́n ṣe ń retí rẹ̀ lọ, ó sì béèrè ohun tó fà á.

Bàbá Onígbòǹgbò wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n bá mi tún un ṣe."

"Háà, ẹ kú iṣẹ́, mà," ni akọ̀wé wí.

"Ó ṣe, ọmọ mi," ni ẹ̀gbọ́n dáhùn. "Iṣẹ́ pọ̀ lára rẹ̀."