Àárọ̀ tí Tìámíyù Alágídìgbo ki àwọn àlejò ní géètì wa

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé Iléyá ni, nígbà tí òórùn ẹran àgbò kò tíì kúrò lára aṣọ wa. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka èyí lè máa rò pé ìjà òṣìṣẹ́ ti bá ayé àwọn bàbá yín lọ. Rárá o. Fóònù tó ń ya fídíò ti wà lọ́wọ́ wa nígbà náà, orí Wáàtsáàpù la sì ti ń pe ìpàdé. Èmi ni alága àwọn òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ oníke kan láàárín Ìkẹjà sí Agége. N ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà, nítorí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ti mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò bá sì mọ̀ ọ́n kò pàdánù ohunkóhun.

Bókẹ́ẹ̀tì, kẹ́ẹ̀gì àti báàfù la ń ṣe níbẹ̀. Bí ike bá ti ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ni àwa obìnrin máa ń fi ọ̀bẹ kékeré gé etí rẹ̀ kí ó tó le. Gbígbóná ni a máa ń dì í mú, kò sí ìbọ̀wọ́. Káṣúà ni wọ́n ń pè wá, ìyẹn òṣìṣẹ́ ojoojúmọ́ tí wọ́n lè lé ní ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n sì fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ ní àárọ̀. Obìnrin kan wà láàárín wa tó jẹ́ pé oyún ló fi wọ ilé iṣẹ́ yẹn. Ọmọ náà ti ń lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì, ìyá rẹ̀ ṣì ń ṣe káṣúà. Ohun tí a béèrè ò ju kí wọ́n sọ wá di òṣìṣẹ́ gidi, tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ wà nínú ìwé. Nígbà tí wọ́n kọ̀, a kó ọ̀bẹ sílẹ̀, a jáde, a sì jókòó síwájú géètì.

Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín kò gé etí ike rí. Olórin ni, Tìámíyù Alágídìgbo, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń gbé agídìgbo rẹ̀ kọ́ àyà, tí í fi ẹsẹ̀ rìn láti Ọ̀pẹ́bí dé Ìfàkọ̀-Ìjàyè, láti Ìfàkọ̀ dé Oko Ọba. Géètì ilé iṣẹ́ ni ọjà rẹ̀. Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá ti ń jáde, kò ní kọrin lójú ẹsẹ̀. Yóò kọ́kọ́ dúró jẹ́ẹ́, yóò máa gbọ́ ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ: ta ni ọ̀gá bú lónìí, ọmọ ta ni ara rẹ̀ ò yá, ta ni ìyàwó rẹ̀ bí ìbejì. Ìgbà tó bá tó ni yóò wá fọwọ́ kan agídìgbo, ẹ ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu yín tó ti di orin. Mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan pé níbo ló ti ń rí orin wọ̀nyí. Ó ní òun kì í rí i, àwa là ń gbàgbé rẹ̀ sílẹ̀.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ìyá rẹ̀ ni aṣíwájú àwọn tó máa ń sun ẹkún ìyàwó ládùúgbò wọn, ẹsẹ̀ ìyá yẹn ló sì ti kọ́ pé ènìyàn lè máa sunkún kí ohùn rẹ̀ má sì fọ́. Ọ̀dọ̀ ọmọ ẹ̀yìn mọ́tò kan ló ti kọ́ agídìgbo. Mọ́tò oníṣu ni wọ́n ń bá ṣiṣẹ́, orí iṣu ni òun àti ọ̀gá rẹ̀ máa ń jókòó sí láti Òkè-Ògùn wá sí Èkó. Ìlú tí wọ́n bá ti já iṣu sílẹ̀, Tìámíyù á wá àgbàlagbà kan lọ, á ní kó ki oríkì ilé rẹ̀ fún òun. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń kó owó pamọ́ fún ilé kíkọ́, oríkì ni òun ń kó pamọ́. Nígbà tó dé Agége, ó bá àwọn oníwéré jí ènìyàn fún sààrì nínú oṣù Ràmádàánì, ohùn rẹ̀ wá lágbára débi pé kò nílò ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ẹ̀rọ wa gan-an kọ́ ọ ní nǹkan. Ó dúró ti ògiri wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń fetí sí bó ṣe ń lu ike jáde, ó sì tún ọ̀kan nínú ahọ́n irin agídìgbo rẹ̀ ṣe títí tó fi bá a mu. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi, n ò ní purọ́.

Àbùkù kan ṣoṣo tí mo rí lára rẹ̀ ni pé kì í gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ó ń kọrin fún òṣìṣẹ́ ní géètì, ó sì ń kọrin fún àwọn ọ̀gá níbi ìnáwó wọn ní Ọ̀pẹ́bí. Bí mo bá bá a wí, yóò rẹ́rìn-ín. "Alága, olórin tó bá ti lọ́tàá, ó ti sọ ìdajì ọ̀nà rẹ̀ nù."

A wà ní géètì nígbà tí Sùnkànmí, ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin tó ń dárí ẹ̀rọ, sáré wá bá mi. Ó ní ilé iṣẹ́ ti lọ kó àwọn ènìyàn láti Ògbómọ̀ṣọ́ àti agbègbè rẹ̀, pé lọ́jọ́ Mọ́ńdè ni wọn yóò wọlé síbi iṣẹ́ wa.

"Èyí tó burú jù ńkọ́, Alága? Wọ́n ti ra Tìá. Òun ni máníjà ní kó wá fi oríkì wẹ́kọ̀ọ̀mù wọn."

Ẹ jẹ́ kí ó yé yín. Bí àwọn ènìyàn yẹn bá fi lè wọlé, tí ẹ̀rọ sì fi lè bẹ̀rẹ̀ sí ṣiṣẹ́, ó ti parí fún wa nìyẹn. Kò sẹ́ni tí yóò tún pè wá sí ìpàdé kankan. Máníjà wa gbọ́n. Ó mọ̀ pé àwọn àlejò náà lè bẹ̀rù ariwo wa, ó sì mọ̀ pé oríkì máa ń mú orí ọmọ Yorùbá wú. Ṣùgbọ́n Ọ̀pẹ́bí ni wọ́n bí i sí, ibi ìnáwó nìkan ló sì ti ń gbọ́ oríkì.

Mo wá Tìámíyù lọ sí Oko Ọba, níbi tó ti ń kọrin fún àwọn alápatà. Inú ń bí mi.

"Tìá, ṣé òótọ́ ni pé ìwọ lo máa kó wọn wọlé?"

"Wọ́n ní kí n wá ki àwọn ará ilé mi. Mo ní màá kì wọ́n."

"Lórí iṣẹ́ wa? O ò rántí pé ẹni tó bá jẹ dòdò kì í lè sọ òdodo?"

"N ò tíì jẹ ẹ́, Alága."

"Ó ti wà lórí iná."

Ó nu ojú agídìgbo rẹ̀. "Ṣé ẹ ti gbọ́ oríkì ilé yín dópin rí?"

"Èwo ni ti oríkì nínú ọ̀rọ̀ yìí?"

"Ẹ ò gbọ́ ọ dópin rí. Ibi tó bá ti dùn ni wọ́n máa ń dá a dúró sí níbi ìnáwó." Ó tún kọjú sí àwọn alápatà. Mo fi í sílẹ̀ láì dágbére.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, bọ́ọ̀sì dé láàárọ̀. Máníjà dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú agbádá funfun, Tìámíyù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwa wà ní òdìkejì títì. Sùnkànmí ti ṣa òkúta.

"Alága, ẹ jẹ́ ká kàn fọ́ gíláàsì ọ̀kan, wọ́n á padà fúnra wọn."

"Jù ú sílẹ̀. Òkúta kan péré ni wọ́n ń retí kí wọ́n tó pe ọlọ́pàá sí wa."

Tìámíyù fọwọ́ kan agídìgbo. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó dùn, ó ń mú wọn ní ilé kọ̀ọ̀kan, ó ń dárúkọ baba ńlá wọn, ó ń yìn wọ́n. Fèrèsé bọ́ọ̀sì ń ṣí. Ní ilé àwọn ènìyàn yẹn, bí wọ́n bá ń kì ọ́, o kì í kọjá lọ bí ẹni tí kò gbọ́. O ó sọ̀kalẹ̀, o ó dúró títí ẹni tó ń kì ọ́ yóò fi dákẹ́. Bàbá àgbà kan, Bàbá Oyèníran, ló kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀, ó ṣí fìlà. Àwọn yòókù tẹ̀lé e, wọ́n gbé báàgì wọn sílẹ̀. Máníjà ń pàtẹ́wọ́.

Tìámíyù kò dúró síbi tí wọ́n máa ń dúró sí. Ó kọjá ìyìn, ó dé orí ohun tí ilé kọ̀ọ̀kan kì í ṣe. Nígbà tó kan ilé Bàbá Oyèníran, ó rán an létí pé ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí kì í gba ọfà lẹ́yìn. Ó wá fi orin tirẹ̀ tì í:

Baba yín kì í jókòó sórí àga tó ṣì gbóná,
wọ́n á bi onílé pé, ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde?
Ẹ béèrè, ọmọ Oníkòyí,
ẹ béèrè kí ẹ tó jókòó.

Bí òwe bí òwe là ń lu agídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ojú àwọn ọkùnrin yẹn yí padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú máníjà ló yí kẹ́yìn.

"Tìámíyù, ó ti tó. Parí ẹ."

"Ọ̀gá, a kì í já oríkì àgbà sí méjì." Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ilé Oníkòyí.

Máníjà ní kí wọ́n máa wọlé. Ẹnikẹ́ni ò mira, nítorí Tìámíyù ṣì ń kì wọ́n. Bàbá Oyèníran sọdá títì wá bá wa. "Ta ni olórí yín?"

Mo kúnlẹ̀. "Èmi ni, bàbá."

"Ibi tí wọ́n fẹ́ ká jókòó yìí, tiyín ni?"

"Tiwa ni, sà. A kàn jáde wá sọ̀rọ̀ ni."

"Wọ́n sọ fún wa pé ẹ ti lọ. Wọ́n ní ẹ ò fẹ́ mọ́."

"A fẹ́ ẹ, bàbá. Òun la ń bá wọn jà lé lórí."

Ó wò wá, ó wo géètì, ó wo àwọn ọmọkùnrin tó bá wá. Mo mọ̀ pé kò níṣẹ́ nílé, aṣọ ọrùn rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. "Ẹ gbé báàgì yín," ló sọ fún wọn. Awakọ̀ ní àlọ nìkan ni wọ́n san fún òun. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn, wọ́n forí lé ọ̀nà Ìfàkọ̀, ẹnì kan nínú wọn sì ń kọ orin náà lábẹ́lẹ̀.

A borí, mo sì ń fi í yangàn títí dòní. Ẹ̀rọ wọn kò ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi pè wá jókòó. Ọ̀pọ̀ nínú wa gba ìwé òṣìṣẹ́ gidi, obìnrin olóyún ọjọ́sí wà lára wọn, wọ́n sì ra ìbọ̀wọ́ fún wa. A pàdánù díẹ̀. Wọn ò gba Sùnkànmí padà. Àwọn ará Ọ̀pẹ́bí ò pe Tìámíyù sí ìnáwó mọ́, àmọ́ kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Nígbà tí mo lọ dúpẹ́, tí mo sì bẹ̀ ẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí i ní Oko Ọba, ó ní, "N ò kọrin fún yín o, Alága. Àwọn ni mo kì." Ó ṣì ń rìn, mo gbọ́ pé ó wà lọ́nà Ṣàgámù báyìí.

Gbèsè kan wà nílẹ̀ tí a ò tíì san. Nígbà tí a jókòó pẹ̀lú àwọn ọ̀gá, a sọ̀rọ̀ nípa owó iṣẹ́, nípa ìsinmi àti oúnjẹ ọ̀sán. Kò sẹ́ni tó dárúkọ àwọn tó fi ẹsẹ̀ rìn lọ. Ní ọdún tó kọjá ni mo rí Bàbá Oyèníran ní Oko Ọba, tó ń ru awọ màlúù. Kò bá mi jà. Ó kàn ní ọmọ òun obìnrin ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Ọ̀gbà lábẹ́ kọ́ńtírákítọ̀, pé káṣúà ni, ṣé mo lè bá a sọ̀rọ̀.

Mo ti bá a sọ̀rọ̀. Fadékẹ́mi lorúkọ rẹ̀, orí rẹ̀ sì pé. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣèpàdé, wọ́n ti to gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ béèrè. Ó wá bi mí pé, "Màmá, bí wọ́n bá kó àwọn mìíràn wá rọ́pò wa ńkọ́?"

Mo ní kí ó ti kọ iṣẹ́ fún àwọn náà mọ́ ohun tí ó ń béèrè, kí wọ́n tó dé.