Ewì Senyang Lẹ́nu Peru

Senyang fi ahọ́n tọ́ àtàǹpàkò rẹ̀ wò, ó sì fi tẹ igun ojú Rodjun. Kò tẹ̀ ẹ́ le. Bí ẹni ń wò bóyá ìrẹsì ti jinná. Ìpéǹpéjú àlẹ̀mọ́ náà, tó gùn bí ẹsẹ̀ alákàn, jókòó síbi tó yẹ kó jókòó sí. Ṣùgbọ́n àtàǹpàkò ò kúrò. Ó dúró síbẹ̀, kò mì, ó ń retí kí gọ́ọ̀mù gbẹ. Ètè Senyang nìkan ló ń mì. Wúyẹ́wúyẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á ní ó ń gbàdúrà.

Kò gbàdúrà. Ewì ló ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Bó ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Kò sí ìwé, kò sí bírò. Ẹni tó bá fẹ́ díje nínú ìdíje ẹwà àwa bakla, àwa tí a jẹ́ ọkùnrin nínú ìwé ìrìbọmi tí a sì jẹ́ ọbabìnrin lórí pèpéle, á wá jókòó sórí àga rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù ìdìrí, á di ojú méjèèjì. Kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ, olúwa rẹ̀ ò lè ṣẹ́jú, kò lè rẹ́rìn-ín, kò lè ṣòfófó. Kí ló kù? Etí. Inú etí yẹn ni Senyang máa ń da ọ̀rọ̀ sí. Nígbà tí o bá fi máa dìde, o ti mọ̀ ọ́n sórí.

Torí pé láìsí ọ̀rọ̀, ẹwà lásán ni. Ní Tinagpuan, létí òkun níbí, ẹwà ò tó ẹ gbé adé. O gbọ́dọ̀ rìn dé ìdí máìkì. O gbọ́dọ̀ ké orúkọ orílẹ̀-èdè tí o dúró fún, ibi tí ẹsẹ̀ rẹ ò tẹ̀ rí, títí iṣan ọrùn rẹ á fi yọ. Lẹ́yìn náà lo máa wá sọ pé: "Mo sì gba òwe kan gbọ́, tó ní..." Ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn ti ń na ọrùn. Òwe yẹn gbọ́dọ̀ pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Bí wọn ò bá rẹ́rìn-ín, máa lọ sílé, lọ bọ́ bàtà.

Senyang ló ń ṣe gbogbo òwe yẹn. Fún gbogbo wa. Fún ọ̀tá méjì tó ń bára wọn díje pàápàá. "Adìyẹ tó bá kọ àkùkọ, inú ọbẹ̀ ló ti máa fẹ̀yìn tì." Senyang. "Ọṣẹ ìfọrun lè mú irun dán, kò lè mú ọkọ dúró." Senyang ni. Ẹnu tẹlifíṣọ̀n ló ti ń ṣà wọ́n: ìpolówó ọṣẹ, ẹkún ìyàwó ilé nínú eré alẹ́, orin káráókè tí àwọn ọ̀mùtí ń fọ́ mọ́ wa létí. Á gbọ́ ọ láàárọ̀, á lọ̀ ọ́ lẹ́nu, tó bá fi máa di ọ̀sán, ó ti di ti wa.

Ọdún kan wà tó gbé ewì tirẹ̀ lọ sí ìlú ńlá Iloilo. Ilé kọfí kan báyìí, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ yunifásítì máa ń ka ewì fúnra wọn, ọkùnrin tó fẹ́ràn ọkùnrin, obìnrin tó fẹ́ràn obìnrin, gbogbo wọn nínú aṣọ dúdú. Senyang wọ pupa. Ó ka ewì ìfẹ́ kan. Wọ́n ta ìka sí i dípò àtẹ́wọ́, tá, tá, tá. Ọmọkùnrin kan wá bá a lẹ́yìn náà, ó ní, "Ewì yín dùn, mà, ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n ti pọ̀ jù nínú rẹ̀."

Nígbà tó dé, ó fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún wa. "Wọ́n ń ta ìka sí mi bí ẹni ń pe ajá! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbó!" A rẹ́rìn-ín títí a fi di ògiri mú. Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn, Senyang ò fi ẹnu ara rẹ̀ ka ewì níbikíbi mọ́. Ẹnu àwọn ẹlòmíràn ló ń lò.

Àfi ọ̀kan. Ó ní ewì kan tí kò fún ẹnikẹ́ni. Ewì Dencio ni.

Dencio ló ni sípíkà. Bí àjọ̀dún ẹni mímọ́, tí ìdíje wa wà nínú rẹ̀, bá ti ń bọ̀, á kó wọn wá láti ìlú kejì nínú ọ̀kadà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, á tò wọ́n sí gbàgede níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, á jókòó ti bọ́tìnnì rẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wa ló ti máa ń jẹun ọ̀sán, ìrẹsì àti ẹja sísun, tí á máa sọ fún Senyang irú wáyà tó dáa àti irú èyí tí kò dáa. Senyang kórìíra wáyà. Ìdí ọ̀rọ̀ wáyà yẹn náà ni yóò jókòó sí títí ìrẹsì tirẹ̀ á fi tutù.

Kò sọ fún un. Báwo ló ṣe máa sọ? Ní gbàgede wa, ohun tó bá ti gba ẹnu máìkì kọjá ti di ẹ̀rín. Ká ní wọ́n fi Dencio rẹ́rìn-ín lójú gbogbo ayé, lójú àwọn apẹja tó ń bá a mutí, ṣé á tún padà wá jẹun lẹ́nu ọ̀nà wa? Senyang ò fẹ́ dán an wò. Ewì yẹn gbé inú rẹ̀ bí ẹyin lábẹ́ àgbébọ̀.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, àwọn oníná ti kéde pé àwọn yóò mú iná lọ bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Kapitana Merlinda, olórí àdúgbò, sún ìdíje sí ọ̀sán. Oòrùn gangan! Àtíkè ń ṣàn. Ọ̀kan nínú wa ti ní irùngbọ̀n kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Nínú ṣọ́ọ̀bù, gbogbo ẹnu ló ń pariwo, gbogbo fáànù ń fẹ́ ooru lu ooru, Senyang sì ń sáré láti ojú dé ojú.

Ó dé ojú Rodjun, tó fẹ́ jẹ́ Peru. Ọmọ dáadáa, ẹlẹ́ja, ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí. Òwe adìyẹ ni Senyang fẹ́ kọ́ ọ. Ó tẹ àtàǹpàkò mọ́ igun ojú. Ó gbé ojú tirẹ̀ sókè kó lè sinmi díẹ̀, ó sì wo ìta.

Dencio wà nínú oòrùn, ó ń ká wáyà mọ́ ìgbọ̀nwọ́.

Ibi tí ojú lọ ni ẹnu tẹ̀lé. Senyang ò mọ̀. Ó ń wo ọkùnrin yẹn, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, Rodjun sì di ojú, ó ń gbé e mì ní ẹyọ ẹyọ.

"Mama," Rodjun fi ẹ̀bá ètè sọ ọ́, "níbo ni ẹ̀rín wà nínú ẹ̀?"

Àkókò yẹn gan-an ni ariwo bẹ́ lẹ́yìn. Àwọn Venezuela ni. Méjì! Kò sí ẹni tí kì í fẹ́ jẹ́ Venezuela, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba adé ayé lemọ́lemọ́. Wọ́n ti di ọ̀já kan ṣoṣo tí wọ́n kọ Venezuela sí mú ní ìṣẹ́tí méjèèjì.

"Tú u sílẹ̀, ìwọ onírun àgbàdo yìí!"

"Kí n tú kí ni sílẹ̀? Ta ló ń fi irú imú yẹn jẹ́ Venezuela?"

"Ẹ̀rín á wá fúnra ẹ̀!" ni Senyang dá Rodjun lóhùn. Kò gbọ́ ìbéèrè náà dáadáa, gọ́ọ̀mù ti gbẹ, ó ti fò dìde lọ là wọ́n.

Wọ́n sọ ọ̀kan di Iceland. Ó sunkún, a tún ojú rẹ̀ lẹ̀.

Ó di orí pèpéle. Mama Odeng ni atọ́kùn, àgbà bakla tó ti gbé adé kí wọ́n tó bí èyí tó pọ̀ nínú wa, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Venezuela jáde, ó ké títí ajá fi dá a lóhùn, ó ní: "Mo sì gba òwe kan gbọ́, tó ní: ọkùnrin dà bíi jíìpù akérò. Èyí tó bá kún, jẹ́ ó máa lọ. Òmíràn ń bọ̀. Ṣùgbọ́n má jókòó lórí itan dẹ́rẹ́bà!" Gbàgede dàrú. Ìyá arúgbó kan na ìyá arúgbó ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìbàdí.

Ló bá kan Peru.

"Peeeeruuuuu!" Iṣan ọrùn yọ. Ó dáa. "Mo sì gba òwe kan gbọ́, tó ní..." Ó di ojú. Kò lè rántí rẹ̀ bí ojú ò bá dì.

"Ẹni tí mo fẹ́ kò sí lórí tẹlifíṣọ̀n.
Ẹṣin funfun kọ́ ló gbé e wá,
ọ̀kadà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló gbé e wá."

Ẹ̀rín! Wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle, Senyang, tó fi eyín di píìnì mú, la ẹnu. Píìnì dà sílẹ̀.

"Kò sí orin lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tó wọlé.
Òun fúnra rẹ̀ ló gbé orin wá léjìká.
Ó ń ká wáyà mọ́ ìgbọ̀nwọ́, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́,
bí ìyá ṣe ń ká òwú.
Mo ní, ayé, jẹ́ kí n di wáyà lọ́jọ́ kan."

Ibẹ̀ ló dúró sí.

Ẹ̀rín ti kú láti ìdí ìlà wáyà. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ọ̀kan, òmíràn. Ọkùnrin mélòó ló ń ká wáyà ní gbàgede yẹn? Dencio jókòó ti bọ́tìnnì rẹ̀, ó pupa láti ọrùn dé etí, ọwọ́ rẹ̀ ò mọ ibi tí yóò gbà.

"Ó tán?" ẹnìkan bi í láti ẹ̀yìn.

"Kò lè tán síbẹ̀ jàre! Ó di wáyà, kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

"Peru, parí ẹ̀!"

Rodjun la ojú. Ìpéǹpéjú ń gbọ̀n pẹ́pẹ́. "Ibi tí gọ́ọ̀mù gbẹ dé nìyẹn o!" ó kígbe sínú máìkì. "Ẹ bi Mama Senyang! Òun ló mọ ìyókù!"

Ọlọ́run mi. Ariwo tó sọ! Mama Odeng ti dé etí pèpéle, ó na ọwọ́ sísàlẹ̀.

"Senyang! Gòkè wá, ìwọ aláwíìparí! O fẹ́ fi àárín ewì pa wá ni?"

"Mi ò mọ nǹkan kan."

"O ò mọ nǹkan kan, etí ẹ wá ń pupa bí edé bíbọ̀?"

Àwa náà kọ́ la tì í? Àwa la tì í. Bó ṣe bá ara rẹ̀ lórí pèpéle nìyẹn, láìwọ bàtà, òòyà lọ́wọ́, nínú ẹ̀wù tí gbogbo àwọ̀ àtíkè wa ti ta sí.

Ẹ̀rín ń bẹ nínú Senyang, ẹ má ṣe àṣìṣe. Kò sí ìlà tí kò lè sọ di ẹ̀fẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú ojú. Ọ̀kan ti wà lórí ahọ́n rẹ̀ báyìí, ó sọ fún wa lẹ́yìn náà: "Jẹ́ kí n di wáyà, kí iná lè máa gbé mi lóòrè-kóòrè." Ká ní ó sọ ọ́, gbàgede á fọ́, Dencio á rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, gbogbo rẹ̀ á di àwàdà, ọ̀la á mọ́, ẹja sísun á wà.

Ó wo Dencio. Dencio ń wò ó.

Ó sọ ọ́ bó ṣe rí.

"Kí o ká mi.
Kí o má so mí ní kókó.
Kí o gbé mi kọ́ sórí ìṣó tó wà nínú ilé rẹ,
kí o sì gbàgbé láti gbé mi jáde."

Ohùn rẹ̀ kéré. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọwọ́ kan sín.

Ọwọ́ Dencio wá rìn lórí bọ́tìnnì. A rí i. A rò pé orin ló fẹ́ tẹ̀, kó fi bo ìtìjú. Kì í ṣe orin. Bọ́tìnnì gbohùngbohùn, tí ń mú ohùn tẹ̀lé ara rẹ̀ lẹ́yìn, ni, èyí tó máa ń ṣọ́ bí ojú, tí kì í fún ẹni tí kò bá mọ orin kọ ní káráókè. Ó yí i títí dé òpin.

"Tún un sọ," ó pariwo láti ibi tó jókòó sí. "Ìlà ìgbẹ̀yìn yẹn. Wọn ò gbọ́ ọ lẹ́yìn."

Senyang tún un sọ. *Jáde, jáde, jáde*, ohùn rẹ̀ lu ara ṣọ́ọ̀ṣì, ó lu omi, ó padà wá. Gbàgede wá tú! Fìlà ń fò, àwọn apẹja ń fọwọ́ lu ọkọ̀, Kapitana Merlinda, tó jẹ́ adájọ́, fi ìwé àmì tó yẹ kó kọ nu ojú. Iceland ń sunkún lẹ́ẹ̀kejì. Venezuela ní, "Ẹ gbọ́, ṣé wọ́n á ka tèmi mọ́ báyìí?"

"Senyang," ni Mama Odeng wí, "o ti ba ìdíje mi jẹ́. Ọlọ́run á bù kún ọ."

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, Dencio ti dúró nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó di ọwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ iléèwé.

"Mi ò mọ ewì," ó ní.

"Mo mọ̀."

"Ṣùgbọ́n wáyà, Senyang. Mi ò so ọ̀kan ní kókó rí láyé mi. Kókó ló ń pa wáyà."

"Ṣé wáyà náà la tún ń sọ?" Senyang bi í. Ẹ̀rín gbé e, ó gbé Dencio náà, wọ́n di ara wọn mú kí wọ́n má baà ṣubú, ilẹ̀ ṣú, iná sì lọ kí wọ́n tó tò wá lẹ́sẹẹsẹ fún adé.

Venezuela ló gbà á. Rodjun ṣe ìkẹta. Láti ọdún yẹn, òwe orí pèpéle ní Tinagpuan ò pọn dandan kó pa èèyàn lẹ́rìn-ín mọ́. Senyang ń fi ẹnu ara rẹ̀ ka ewì níbẹ̀ lọ́dọọdún, kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Dencio ti kó wá sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù.