Ojú Ẹbí ní Yàrá Iṣẹ́ Abẹ

Ẹ kò ní í gbà mí gbọ́, n kò sì ní í bá yín jà sí i, nítorí àwọn ọmọ tí mo bí gan-an kò gbà mí gbọ́. Lọ́jọ́ tí dókítà ìjọba la ikùn mi, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ahunṣọ ará Ìṣẹ́, ló jókòó ti dókítà náà tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ má rò pé ẹ̀yìn fèrèsé ló wà o. Inú yàrá iṣẹ́ abẹ ni, pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn àti ìbòmú lẹ́nu.

Ọdún díẹ̀ kí a tó gba òmìnira ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di tíṣà ní Emùré, mo ń wọ ṣòkòtò péńpé funfun tí mo lọ̀ títí tó fi le gbagidi, èmi ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ súkúù ní ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó. Mo máa ń sọ fún wọn pé òpè ló ń sá fún ọ̀bẹ dókítà. Bẹ́ẹ̀ èmi alára ní ìpá, ìgbànú awọ ni mo fi ń dè é mọ́ abẹ́ ṣòkòtò, ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Orí ni ìmọ̀ ń gbé, ikùn ni ìbẹ̀rù ń gbé, ibi tí ìpá wà sì súnmọ́ ikùn ju orí lọ.

Nígbà ìsinmi súkúù, mo lọ bá àwọn ará ilé kó kòkó lóko. Mo gbé agbọ̀n kòkó tútù kan kí wọ́n lè rí i pé tíṣà náà lágbára. Ìpá bá yọ, kò padà mọ́. Kí oòrùn tó kan àtàrí, mo ti ń bì, ikùn mi le bí pákó. Orí àpò kòkó nínú lọ́rì ni mo dùbúlẹ̀ sí títí a fi dé ilé ìwòsàn ìjọba. Oríire mi ni pé ọjọ́ tí dókítà oníṣẹ́ abẹ máa ń wá ni. Òun nìkan ló wà fún gbogbo agbègbè wa, ó ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn bí oníwàásù. Ó tẹ ibi tó wú náà, ó ní ìfun ti há, bí òun kò bá là mí kí ilẹ̀ tó ṣú, wọn yóò gbé òkú mi lọ sílé.

Gbogbo ẹbí gbà, àfi ẹ̀gbọ́n bàbá mi yìí, tí a ń pè ní Yèyé. Bàbá mi ti kú, ọ̀rọ̀ Yèyé lórí mi labẹ gé. Òun náà kò ṣàdédé ṣorí kunkun. Wọ́n ti gbé ọkọ rẹ̀ wọ irú yàrá bẹ́ẹ̀ rí ní ìlú òkèèrè, wọ́n pa ilẹ̀kùn dé, òkú ni wọ́n gbé jáde.

“N kò sọ pé wọ́n pa á,” ni Yèyé wí. “Ohun tí mò ń sọ ni pé kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi bó ṣe kú. Bí ọmọ yìí yóò bá wọ ibẹ̀, ojú kan láti ulé wa gbọ́dọ̀ bá a wọlé.”

Nọ́ọ̀sì àgbà ní, “Màmá, òfin kò gbà á.”

“Ta ló ṣe òfin náà?”

“Àwọn ọ̀gá wa ní Ìbàdàn.”

“Lọ pè wọ́n wá, ká jọ sọ ọ́.”

Dókítà wò mí, ó wo oòrùn. “Nọ́ọ̀sì, ẹ fún màmá lọ́ṣẹ, kí wọ́n wẹ̀ dáadáa, kí ẹ wá wọ aṣọ fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, màmá, ẹ kò ní í fọwọ́ kan nǹkan kan.”

“Ojú ni mo mú wá,” ni Yèyé dáhùn. “Ọwọ́ mi wà nílé.”

Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ ní ọ̀pá ẹ̀yìn, láti ìbàdí dé ẹsẹ̀ kú lára mi, ṣùgbọ́n orí mi jí kedere. Wọ́n ta aṣọ kan sí àyà mi kí n má bàa rí ohun tó ń lọ. Ojú Yèyé lókè ìbòmú nìkan ni mo rí, níbi tó jókòó sí lápá orí mi. Gbogbo bí wọ́n ṣe là mí, ojú obìnrin yẹn ni mo ti kà á.

“Kí lo gé yẹn?”

“Awọ ni, màmá.”

“Ẹ̀yin méjì péré lẹ ń ṣe uṣẹ́ yìí?”

“Ó yẹ ká pọ̀ jù báyìí lọ. Wọn kò tíì rán ẹlòmíràn sí wa.”

“Àwọn ọ̀gá yín tó wà ní Ìbàdàn, ṣé ojú wọn tó ibí?”

Mo gbọ́ tí dókítà rẹ́rìn-ín. “Kò tó o, màmá.”

“Ó dáa. Tèmi tó o. Máa ṣe é lọ.”

Nọ́ọ̀sì pòṣé. Ó pẹ́ díẹ̀, mo rí i tí Yèyé ranjú, kò sì béèrè nǹkan kan mọ́. Ẹ̀rù bà mí ju ìgbà tó ń sọ̀rọ̀ lọ.

Dókítà ló sọ ọ́ fúnra rẹ̀. “Màmá, ìfun yìí ti dúdú. Màá fi aṣọ tí a rẹ sínú omi ìlọ́wọ́ọ́rọ́ bò ó. Bí ẹ̀jẹ̀ bá padà sí i, màá dá a padà sáyè rẹ̀. Bí kò bá padà, màá ní láti gé e, iṣẹ́ ńlá nìyẹn fún ẹni tí kò ní dókítà kejì.”

A dúró. Mo ń wo ojú yẹn bí àgbẹ̀ ṣe ń wo ṣíṣú òjò. Omi kọ́kọ́ lé ròrò síbẹ̀, mo ní ó parí. Lẹ́yìn náà ni egbégbé rẹ̀ ṣẹ́ kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, mo sì mọ̀ pé abẹ́ ìbòmú ni ẹ̀rín wà.

“Dókítà, ó ń pọ́n bọ̀.”

“Ó ń pọ́n lóòótọ́, màmá.”

Nígbà tí Yèyé jáde, ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún ẹbí, láti ibi awọ dé ibi òwú ìránṣọ, bí ẹni ń júwe aṣọ tó hun. Ìròyìn náà dé Ìkẹ́rẹ́ kí ọgbẹ́ mi tó jiná. Àwọn tó ti ń fi ìpá pamọ́ bíi tèmi bẹ̀rẹ̀ sí í wá, nọ́ọ̀sì àgbà tó ní òfin kò gbà á náà ló sì ń bi wọ́n lẹ́nu ọ̀nà pé, “Ojú ẹbí yín dà?”

Ọmọbìnrin mi ti di nọ́ọ̀sì báyìí. Ó ní àwọn kò lè gba ẹbí wọ yàrá iṣẹ́ abẹ láéláé, nítorí kòkòrò àìsàn, mo sì mọ̀ pé òun ló jàre. Síbẹ̀, bí mo bá rí àwọn ènìyàn tó jókòó síwájú ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ abẹ, tí wọ́n ń wo igi ilẹ̀kùn bí ẹni pé yóò sọ̀rọ̀, mo máa ń dúró kí wọn.

Kí dókítà tó lọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó là mí yẹn, ó sọ fún Yèyé pé iṣẹ́ tòun ti parí, ó ku ti ìfun. Bí mo bá ti só, a jẹ́ pé ọ̀nà ti là. Ẹbí bá kún gọ̀bì nílẹ̀ fàráńdà, wọ́n ń dúró de ìdí tíṣà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn nọ́ọ̀sì ń gbàdúrà ní wọ́ọ̀dù, gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Ibẹ̀ ni mo só sí, kò sì kéré.

Yèyé dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. “Ṣé ìwọ ni?”

“Èmi ni, Yèyé.”

Ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún wọn pé, “Ó ti só.” Ọ̀gá súkúù mi, tó ti Emùré wá kí mi tòun ti kóòtù, ṣí fìlà lórí, ó sì ṣe àmín.