Màrìwò Lẹ́nu Afárá Pákó

Òórùn gírísì tí ọmọ mi ń fi pa ṣéènì kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé imú mi, mo sì rántí kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ó gbé mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ náà. A ń gba etí òkun láti abúlé dé abúlé, iyanrìn gbígbóná ń ta sí mi lẹ́sẹ̀. Nígbà tí a dé afárá pákó tó wọ abúlé tó kàn, wọ́n ti ta màrìwò dí ẹnu rẹ̀. Mo rò pé ọdún ni wọ́n fẹ́ ṣe.

"Tẹríba, ìyá arúgbó," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, nítorí eyín iwájú mi tó ti ká. Ó gbé màrìwò sókè, a sì kọjá.

Bàbá wa ló lé wa bá. Ó fi àjẹ̀ tó fi ń wa ọkọ̀ gbá ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn, àwa méjèèjì ṣubú. Ó tún gbá a lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ ta sórí pákó. Ó gbé kẹ̀kẹ́, ó là á mọ́ òpó afárá títí tó fi wọ́, ó sì jù ú sómi. Mo bu Bàbá jẹ lọ́wọ́. Kò tilẹ̀ wò mí.

"Bàbá, ẹ fẹ́ pa mí!" ni ẹ̀gbọ́n mi ké.

Mo ti di abiyamọ kí n tó gbọ́ pé ìjà ti bẹ́ láàrin abúlé yẹn àti tiwa, àti pé àwọn ará ibẹ̀ ti ṣá ọmọ abúlé wa méjì tó kọjá lábẹ́ màrìwò náà pa láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Lórí afárá lọ́jọ́ náà, Bàbá tún fọ́ ẹ̀gbọ́n mi létí. "Sunkún dáadáa," ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ìwọ á ṣì jẹun lálẹ́ òní; àwọn ọmọ kan ò ní jẹun mọ́."